Oúnjẹ Ọmọ Ajá Tí Wọ́n Torí Rẹ̀ Pè Mí Lólè

Àbúrò mi Fẹ́mi tún ti sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Tọ́lá ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ ajá tuntun kan dé láti Ìlárá-Mọ̀kín, ó fi fọ́tò rẹ̀ sórí Wásáàpù ẹbí wa, ó sì ń béèrè irú oúnjẹ tó yẹ kí òun rà fún un. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn: “Ẹ má bi Àǹtí Dúpẹ́ o. Ẹyin ni Àǹtí fi pa ajá ilé wa nígbà tá a wà ní kékeré.” Ni àwọn tó kù bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Mo ka àwọn tó rẹ́rìn-ín, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni. Irọ́ mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ ṣókí yẹn. Ẹyin kò pa ajá kankan. Ajá náà kò kú rárá nígbà tó ń wí yẹn. Ó wà láàyè títí mo fi wọ yunifásítì, ó sì ń gbó mọ́ mi nígbàkigbà tí mo bá ti ìsinmi dé. Ẹ̀kẹta, “a” tí Fẹ́mi ń fi ara rẹ̀ kún, ẹ̀yìn ìyá wa ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí lọ́dún yẹn, kò tíì mọ ajá yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí ní ibi ìsọmọlórúkọ àti níbi òkú, tí èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti rẹ́rìn-ín náà tó. Mo kọ eléyìí kí ó lè wà nílẹ̀.

Tọ́lá gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ó wá gbé mi, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Àkúrẹ́. Ẹni tó ń tajà fi agolo bu oúnjẹ ajá láti inú àpò ńlá kan tí wọ́n ti ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún eṣinṣin, ó ní, “Màmá, gbogbo ajá ló ń jẹ èyí.” Mo ní kò sí ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ gbogbo ajá, bí kò ṣe sí oúnjẹ gbogbo ènìyàn. Mo ní kí ó gbé àpò tí wọn kò tíì ṣí wá. Mo wọ awò ojú mi. Mo kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọ ajá ni ó wà fún, torí oúnjẹ àgbà ajá kò lè tó ọmọ tí eegun rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Lẹ́yìn náà ni mo ka ohun tí wọ́n fi ṣe é: bí ẹran tàbí ẹja bá jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ, a lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ, bó bá jẹ́ èérí àgbàdo ló síwájú, kí wọ́n dá a padà sórí pẹpẹ. Mo wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Mo sọ fún Tọ́lá pé kí ó béèrè ohun tí wọ́n ń fún ajá náà níbi tó ti rà á, kí ó máa po tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí inú ọmọ náà má baà dàrú. Tọ́lá ní, “Àǹtí, ta ló kọ́ yín ní gbogbo èyí?” Mo ní ẹ̀yìn ilé adìẹ ni mo ti kọ́ ọ, ní Òkè-Àró, wọ́n sì fi ẹgba san owó ilé ẹ̀kọ́ mi.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo jẹ́ lọ́dún náà, òun sì ni ọdún tí ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Oǹdó, kó kúrò nílùú Oǹdó wá bá wa gbé ní Àkúrẹ́, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí mo bá rántí ilé tí a háyà ní Òkè-Àró yẹn, etí mi ló máa ń kọ́kọ́ padà síbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ìgbálẹ̀ Màmá Oǹdó lórí ilẹ̀ kí ojú tó mọ́ tán. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní ìdojúkọ wa, bó ṣe máa ń wúkọ́ bí arúgbó lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbéra. Rédíò bàbá mi yóò máa han gooro títí ìròyìn yóò fi mọ́ lẹ́nu rẹ̀. Orin àdúrà òwúrọ̀ nínú pálọ̀ ńkọ́, tí ohùn Màmá Oǹdó máa ń ṣíwájú tiwa ní odindi ìlà kan, nítorí pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kódà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Èdè Oǹdó pọ́ńbélé ló ń sọ. Yorùbá tí gbogbo wa ń kà ni màá fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, torí bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, àwọn ará Àkúrẹ́ yóò ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni kí n ṣí ilé adìẹ Màmá Oǹdó, kí n kó ẹyin fún un, kí n sì gbé omi ìwẹ̀ bàbá mi kaná. Oúnjẹ ní ipò nílé wa. Bàbá mi ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè. Màmá Oǹdó ló ni orí ẹja. Ìyá mi yóò bu tiwa, yóò sì jẹ tirẹ̀ nídùúró nílé ìdáná bí ẹni pé wọ́n fẹ́ lé e kúrò níbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù lára gbogbo àwo, tí a bá ti gbá a pọ̀, òun la ó pè ní oúnjẹ ajá. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ rí bóyá ó yẹ ajá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bàbá mi gbé ọmọ ajá dé nínú páálí ọṣẹ, láti Bọ́lọ́rundúró, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ń dá oko kòkó. Àṣìṣe ti wọlé kí páálí náà tó wọlé: kò tíì yẹ kí wọ́n já ọmọ yẹn lẹ́nu ọmú. Kò gùn tó bàtà bàbá mi, bó bá sì ń rìn, ìdí rẹ̀ máa ń fẹ́ ṣíwájú orí. Bàbá mi sọ ọ́ ní Ẹ-Máa-Wò-Ó. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà láàárín wa mọ̀ pé ẹni tó sọ ajá lórúkọ, aládùúgbò ló ń bá wí. Kò sì pẹ́ tí aládùúgbò fi dáhùn. Bàbá Ọ̀wọ̀ ló ń gbé ilé tó kángun sí tiwa, òṣìṣẹ́ ìjọba ni òun náà, kò sì sí ohun tí bàbá mi rà wọlé tí kì í gba orí ọgbà yọjú wò.

“Bàbá Dúpẹ́, ṣé èmi lẹ ń bá wí?”

“Ajá ni mo sọ lórúkọ, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà á wá tèmi.”

Àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú Ẹ-Máa-Wò-Ó kò kúrò lójú mi títí dòní: ẹ̀bà ọ̀sán tó ti gan, egungun adìẹ méjì, omi ọbẹ̀, àti ṣíbí ata gígún kan tí Màmá Oǹdó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù lé e lórí. Ìyá mi ní, “Mà, ata yẹn ò pọ̀jù?” Màmá Oǹdó ní, “Kí ó lè gbóná ni. Ṣé ajá tí olè á máa fọwọ́ pa lórí lẹ fẹ́ ni?” Ọmọ ajá náà sín, ó sín, ebi sì ń pa á, ó jẹ ẹ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sátidé, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó ti ń yàgbẹ́ bí omi, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì wà lábẹ́ àga gbọọrọ inú ìloro, ó ń gbọ̀n. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Bí kò bá dìde títí di Sátidé, màá gbé e padà sí Bọ́lọ́rundúró.” Gbogbo wa la mọ̀ pé ìdí igi kòkó ni wọn yóò sin ín sí.

Ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran wà lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo yà síbẹ̀ tèmi ti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Dókítà náà ń wo ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan lórí tábìlì.

“Ọmọ, ẹran tìrẹ dà?”

“Ó wà nílé, sà. Ọmọ ajá ni. Ó ń yàgbẹ́, kò lè dúró mọ́.”

“Kí lẹ ń fún un jẹ?”

Mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé orí ata, ó fi ẹsẹ̀ ewúrẹ́ sílẹ̀. “Ìwọ, nígbà tó o jẹ́ ọmọ oṣù kan, ṣé ẹ̀bà àti ata ni ìyá rẹ gbé ka iwájú rẹ?”

“Rárá, sà. Ọmú ni.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Mú ìwé jáde.”

Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ̀kọ mímu tó ṣàn, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹyin sísè tí wọ́n fi ọwọ́ rún. Ẹja tí wọ́n ti yọ gbogbo egungun rẹ̀. Kí ó máa jẹ díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Omi mímọ́ nígbà gbogbo. Kò gbọdọ̀ rí ata, kò gbọdọ̀ rí àlùbọ́sà, egungun adìẹ sì lè gún un nínú. Ó fún mi ní oògùn aràn, ìlàjì hóró kan nínú bébà, ó ní kó lò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó lò ó.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, mo ka ohun tí dókítà sọ láti orí ìwé mi. Mo dé ibi ẹyin, Màmá Oǹdó sì dá ọwọ́ òkèlè dúró. “Ẹyin? Fún ajá? Kó lè lọ máa jí ti gbogbo àdúgbò kó?” Nílé wa, ọmọdé kì í jẹ ẹyin, torí wọ́n gbà pé ẹyin ló ń fi olè kọ́ni. Bàbá mi ò fẹnu kan ẹyin títí ó fi jáde ìwé mẹ́fà, Màmá Oǹdó a sì máa sọ ìyẹn bí ẹni ń dárúkọ oyè. Bàbá mi ní, “Dókítà ò ní bá wa gbé nígbà tí ajá bá di olè.” Mo wo ìyá mi. Olùkọ́ ni ìyá mi. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló ya ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà sórí páálí funfun fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tó fi lẹ́ẹ̀dì pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ló ń mú ara dàgbà. Èmi ni mo bá a di páálí náà mú nígbà tó ń yà á. Lálẹ́ yẹn, inú ọbẹ̀ tó ń bù fún wa ló ń wò. Mo mọ̀ pé ìyàwó ilé ni, mo mọ̀ pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló jókòó níwájú rẹ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀. N kò tíì fi ìyẹn jì í tán.

Nítorí náà, lówùúrọ̀ ọjọ́rú, mo ṣí ilé adìẹ, ẹyin mẹ́rin wà níbẹ̀, mo kó mẹ́ta fún Màmá Oǹdó. Ìkẹrin ṣì gbóná lọ́wọ́ mi. Mo jù ú sínú ìkòkò omi ìwẹ̀ bàbá mi, nígbà tí omi sì hó dáadáa, mo fi ṣíbí yọ ọ́, mo bu omi fún bàbá mi, ó wẹ̀ ẹ́ lọ sí ọ́fíìsì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi fi omi ẹyin wẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é. Mo pín ẹyin náà sí mẹ́rin nínú ewé. Mo yọ ẹja inú oúnjẹ tèmi sọ́tọ̀, mo fi èékánná wá gbogbo egungun rẹ̀. Ẹ̀kọ òwúrọ̀ mi, ìdajì ni mò ń mu. Ní ti àwo alátà tí Màmá Oǹdó ń gbé sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó bá ti yíjú, mo máa ń dà á fún àwọn adìẹ rẹ̀. Adìẹ ò mọ ata lára, wọ́n ń ṣà á jẹ bí àgbàdo. Nígbà tó di Sátidé, Ẹ-Máa-Wò-Ó dìde, ó rìn dé ẹsẹ̀ bàbá mi, ó gbó mọ́ bàtà rẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Màmá Oǹdó pàtẹ́wọ́. “Ẹ ò rí i? Ata ti wọ̀ ọ́ lára!” Mo di ìgbálẹ̀ mú, mo ń gbálẹ̀ lọ. Bí mo bá sọ òtítọ́, olè ni mí. Ní ti ẹyin tó ń dín, Màmá Oǹdó ní ejò ni.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Bàbá Ọ̀wọ̀ fi gbé ọmọ ajá tirẹ̀ dé, ó sì sọ ọ́ ní Mo-Ń-Wò-Ó. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n fèsì fún òun. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọ̀wọ̀ rí bí tiwa ṣe ń sáré kiri, ló bá wá síbi ọgbà, ó kí Màmá Oǹdó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè ohun tí ajá wa ń jẹ. Màmá Oǹdó kọ́ ọ tinútinú. Ó tún bu ata fún un nínú ike. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn ilé adìẹ ni mo wà. Lọ́jọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ẹkún ọmọ ajá yẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣì í gbọ́. Mo ti fi ẹ̀sùn kan ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi náà sí i: ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi gbọ́ ọ tí mo dákẹ́. Mò ń pọn omi, mò ń kọ orin òwúrọ̀, mò ń jí ẹyin fún ajá tiwa, mo sì dákẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Bàbá Ọ̀wọ̀ gbé ọmọ ajá náà wá síbi ọgbà. Ọrùn rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀ lórí apá rẹ̀. “Màmá, ọ̀rọ̀ ajá yìí ò yé mi mọ́ o.” Màmá Oǹdó fọwọ́ kan imú rẹ̀, ó ní, “Ata yẹn ò tíì tó ni. Ẹ fi kún un.” Ó yí padà, ó ní kí n lọ bu ata wá. N kò lọ. Ó ní, “Dúpẹ́, ṣé o ò gbọ́ ni?”

Mo ní, “Ẹ má fún un ní ata mọ́, sà. Ajá wa kì í jẹ ata. Adìẹ ló ń jẹ ẹ́.”

“Kí lo wí?” Màmá Oǹdó ló sọ ìyẹn.

“Ẹyin ni ajá wa ń jẹ, mà. Kì í ṣe ejò. Èmi ni mò ń jí i.”

Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná. Bàbá mi jáde ti òun ti ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lẹ́nu. Ní iwájú gbogbo wọn, mo ka ohun tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò mi fún Bàbá Ọ̀wọ̀, n kò sì wo ìwé, mo ti mọ̀ ọ́n sórí: ẹ̀kọ, ẹyin, ẹja, lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, oògùn aràn lọ́dọ̀ dókítà. Ó gbé ajá rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń yára lọ sílé, mo sì gbọ́ tó ń pariwo fún ìyàwó rẹ̀ láti ojúde pé kó gbé omi kaná.

Ẹgba mẹ́fà ni bàbá mi nà mí. “Torí ajá lo ṣe jalè?” Mo ní, “Ká ní ẹ fún mi ni, sà, mi ò bá má jí i.” Ó fi ìkeje kún un nítorí ẹnu mi. Ìkeje yẹn ni mo ṣì ń bínú sí jù, torí òun nìkan ni n kò ṣe ohun kan tó tọ́ sí i. Mo-Ń-Wò-Ó kò kú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ó ti ń fa Bàbá Ọ̀wọ̀ ní ṣòkòtò. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ méjì ni mò ń jẹ́: ní ìhà ọ̀hún ọgbà, “Dókítà”, ní ìhà tiwa, “Olè Ẹyin”. Màmá Oǹdó kò pè mí ní ìkankan nínú méjèèjì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá. Ó ń ṣí ilé adìẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo ata dáwọ́ dúró, mo sì ń rí èèpo ẹyin lójú ààrò, ìyá mi sì ń gbé àwo ajá kọjá níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ láìwo ilẹ̀.

Nígbà ọdún Àjíǹde, gbogbo wa lọ sí Oǹdó. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà kún ilé àbúrò Màmá Oǹdó, iyán wà nílẹ̀, àwa ọmọ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àbúrò Màmá Oǹdó yìí gbé agbọ̀n kan wọlé, ọmọ ajá tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ajá yín ní Àkúrẹ́ ti di kìnnìún. Ata mélòó ni kí n máa fún eléyìí?” Ọ̀rọ̀ ata Màmá Oǹdó ti ṣáájú wa dé Oǹdó. Gbogbo ilé yíjú sí i, wọ́n ń retí èsì rẹ̀. Mo rí bó ṣe ń nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, ó pẹ́ díẹ̀ lórí àtàǹpàkò. Ó mọ̀ dájú pé bí òun bá sọ ohun tí wọ́n ń retí, wọn yóò gbà á, kò sì sí ẹni tí yóò ta ko òun níbẹ̀.

Ó ní, “Bi ọmọ yìí.”

“Èwo nínú wọn?”

“Dúpẹ́. Òun ló mọ̀ ọ́n.”

Kò wò mí bó ṣe sọ ọ́. Kò tọrọ àforíjì nígbà náà, kò sì tọrọ rẹ̀ títí ó fi kú. Mo fi àwo iyán mi sílẹ̀, mo dìde lórí ẹní, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ní kí ìyá náà kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ ajá yẹn jẹ láàárọ̀ fún mi.